Ọwọ́ Tó Rán Bàtà Náà: Ìgbésí Ayé Olóògbé Jethro Àkàngbé Ọlápàdé (1919–1979)

Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ni a ti bí Bàbá wa, Jethro Àkàngbé, ní ọdún 1919, sínú ìdílé Ọlápàdé, àgbẹ̀ oníṣu. Àrìnpé ni orúkọ ìyá wọn. Wọ́n kàwé dé Sítáńdáàdì Kẹrin kí bàbá wọn tó fi ilẹ̀ bora. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ bàtà rírán lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá wọn.

Ní ọdún 1938, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin láti Òṣogbo, wọ́n sì sọ̀ sí Ìdó ní Èkó. Ní 1947, wọ́n gbé ìyá wa, Gertrude, olùkọ́ ní Yaba, níyàwó. Àwọn àna kò kọ́kọ́ fẹ́ aránbàtà, àfi ìgbà tí bàbá ìyàwó wọ bàtà tí Bàbá rán fún wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò sì ta wọ́n lẹ́sẹ̀.

Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni Bàbá kọ́lé sí, Mushin ni ìsọ̀ wọn wà, èèyàn mẹ́sàn-án ló sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn. Nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, wọ́n jẹ́ olórí kíláàsì fún ọdún mọ́kàndínlógún. Bàtà opó tó bá já, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tún un rán.

Ní ọdún 1975, owó epo rọ̀bì pọ̀ lápò ìjọba, wọ́n sì dín owó ibodè orí ọjà òkè òkun kù. Bàtà òkè òkun bá ya wọ̀lú. Láti Sábó dé Ìdó, iye tí wọ́n ń tà á kò tó iye tí Bàbá fi ń ra awọ lásán. Àwọn aládùúgbò tí Bàbá ti ń rán bàtà fún láti kékeré wá ń wọ bàtà Ítálì kọjá níwájú ìsọ̀ wọn. Nígbà tí 1976 fi máa parí, gbogbo òṣìṣẹ́ wọn ti lọ tán.

Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa sunkún, a kò ní purọ́ fún yín: àwa ọmọ la fa èyí tó kù. A ní bó bá jẹ́ orúkọ Ítálì làwọn èèyàn ń rà, kí Bàbá fún wọn. Caroline, àkọ́bí, ló lọ ní kí wọ́n gbẹ́ òǹtẹ̀ tí a kọ “Ítálì” sí ní Sábó. Oṣù mẹ́ta ni Bàbá fi kọ̀. Nígbà tí wọ́n lù ú sábẹ́ bàtà, ọjà tà, àwọn èèyàn sì ń yìn ín pé òyìnbó mọṣẹ́. Bàbá kò bá wa rẹ́rìn-ín.

Ní 1978, ìjọba fòfin de bàtà òkè òkun kí iṣẹ́ ọwọ́ wa lè gbèrú. Bàbá ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ju òǹtẹ̀ náà sí ṣáláńgá. Àmọ́ òjìlérúgba bàtà tí wọ́n ti lù ú sí lábẹ́ ṣì wà ní ìsọ̀. Òwò tí àdá mọ̀ ní í ká àdá léyín. Àwọn aṣọ́bodè tó ń wá ọjà tí a fòfin dè dé, wọ́n yí bàtà dà, wọ́n rí Ítálì. Bàbá ní ọwọ́ òun ló rán an. Bàbá mú awọ, wọ́n jókòó, wọ́n sì rán ẹyọ kan lójú gbogbo wọn. Ọ̀gá àwọn aṣọ́bodè náà gbé méjèèjì yẹ̀ wò, ó ní: “Bàbá, ẹ gbìyànjú o. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ti Ítálì yẹn ṣì yàtọ̀.” Ẹ̀gbẹ́ títì ni àwọn aṣọ́bodè ti dáná sun gbogbo bàtà náà.

Bàbá kò mú abẹ́rẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Dókítà pe àìsàn wọn ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n dákẹ́ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì, 1979. Ó ń dùn wá, kò sì sí ohun tí a lè fi tu ara wa nínú.

Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ìyá wa, Gertrude. Àwa ọmọ, Caroline, Ìbíkúnlé, Kíkẹ́ àti Adéfúnmiláyọ̀. Àti ọmọ ọmọ mọ́kànlá. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó mọ bàtà rán.

Àkàngbé, ẹ sùn ire. Bí wọ́n bá bi yín lọ́hùn-ún, ẹ má wulẹ̀ jókòó rán òmíràn. Ọwọ́ yín ló rán an.