Ìkànnì Tuntun Tó Lé Ọmọbìnrin Kúrò Nílé Bàbá Rẹ̀

Àgbàlá Olùkọ́ Ọlábọ̀dé,
Ẹ̀yìn Ilé Ìgbẹ̀bí Àtijọ́,
Òkè-Ìyeyè, lẹ́bàá Òmù-Àrán,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Ọ̀wàrà, Ọdún 2016.

Ẹnjiníà Abdulkadir Sàlíhù,
Alága, Ẹ̀ka Èkó,
Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ọmọ Òkè-Ìyeyè,
Súrùlérè, Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌFẸ̀HÓNÚHÀN LÓRÍ ÀWỌN OBÌNRIN TÍ ÌKÀNNÌ TUNTUN YỌ KÚRÒ NÍ AGBO ILÉ BÀBÁ WỌN, ÀTI ÌDÍ TÍ N KÒ FI NÍ PA ÌKÀNNÌ ÀTIJỌ́ RẸ́

1. Èmi Jàrátù Ọlábọ̀dé, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo kọ ìwé yìí. Láti ọdún 2007 ni ẹgbẹ́ wa ti fi ìkànnì ìlú sí ìkáwọ́ mi. Lóṣù tó kọjá, ẹ kọ̀wé sí mi pé kí n pa gbogbo ojú-ewé àtijọ́ rẹ́ kí oṣù yìí tó parí, àti pé bí n kò bá ṣe é, ẹ ó yọ mí nípò níwájú gbogbo ìlú. Èsì mi nìyí: n kò ní pa á rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìdí rẹ̀.

2. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ìkànnì náà, láti orí kóòdù àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Mo gbé ìwé àkọsílẹ̀ dání, mo wọ agbo ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún tó wà nílùú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, mo jókòó ti àwọn àgbà, wọ́n sì ka orúkọ fún mi. Ọjọ́ kan wà tí wọ́n jiyàn lórí orúkọ kan ṣoṣo títí tí ọbẹ̀ fi jóná lórí iná. Bí mo bá délé tí iná mànàmáná wà, màá jókòó ti kọ̀ǹpútà. Bí kò bá sí, màá fi bírò kọ kóòdù náà sínú ìwé títí iná yóò fi dé. Ojú-ewé ẹgbẹ̀rún kan àti ogóje (1,140) ló ti ibẹ̀ jáde. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílùú wa, obìnrin kì í torí ọkọ pàdánù ilé bàbá rẹ̀. Ọmọ-osú là ń pè é níbẹ̀ títí ọjọ́ ikú rẹ̀, a kì í sì í sìnkú tàbí pín ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, agbo ilé méjì ni mo so ojú-ewé obìnrin kọ̀ọ̀kan mọ́: ti bàbá rẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìlú mìíràn ló ti lọ́kọ, mo kọ orúkọ ìlú náà síbẹ̀.

3. N kò ní purọ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi kò ní àléébù. Lọ́dún 2013 tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀, wọ́n ti sin olóògbé kan tán, wọ́n ti jẹ ẹran ìsìnkú rẹ̀ tán, kí ìkéde rẹ̀ tó jáde lórí ìkànnì. Nígbà tí ẹgbẹ́ yí orúkọ ara rẹ̀ padà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń tún un ṣe lórí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, ọrùn mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Ẹ tún sọ pé bí mo bá kú lónìí, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí mo so okùn náà sí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè fi ohùn tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ ọ́ fún ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

4. Lóṣù kẹta ni ẹ mú ètò tuntun wá, èyí tí ẹnikẹ́ni lè kún bí ẹni ń kún fọ́ọ̀mù láìmọ kóòdù kankan. Ọ̀gbẹ́ni Abdulrasaq tí ẹ gbéṣẹ́ fún jókòó sí Èkó, ó ń kó orúkọ inú ojú-ewé mi sínú rẹ̀. Àlàfo kan ṣoṣo ni fọ́ọ̀mù rẹ̀ ní fún agbo ilé. Gbogbo obìnrin tó lọ́kọ nílùú, ilé ọkọ ló kó wọn sí. Àwọn tó lọ́kọ sí Òwu-Ìsin, Ìsánlú-Ìsin, Ìlọrin àti ibòmíràn, fọ́ọ̀mù náà kò rí agbo ilé ọkọ wọn nínú àtòkọ rẹ̀, ló bá kọ̀ wọ́n pátápátá. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin mẹ́tàlélọ́gọ́jọ (163) ni kò sí níbì kankan mọ́. Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀gbẹ́ni Abdulrasaq kò wo ilé kankan, kò sì bi ará ilé léèrè.

5. Ẹ má sọ pé orí kọ̀ǹpútà lásán ni. Ẹ̀yin ará Ẹ̀ka Èkó lẹ ṣòfin lọ́dún 2011 pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lábẹ́ agbo ilé kan lórí ìkànnì ni ọmọ ibẹ̀.

6. Òfin yẹn ló ti Màmá Rúùtù Ọláìyá síta. Ọmọ bíbí Ilé Aláró ni màmá yìí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin (76) ni. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni ní Èkó nígbà tí owó epo ń ṣàn. Nígbà tí owó Údójì jáde fún òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́dún 1975, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ra mọ́tò, wọ́n ra rédíò. Òun ra páànù, ó kó o sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó wá fi pààrọ̀ òrùlé bàbá rẹ̀ tó ń jò. Páànù ọ̀hún ló ṣì wà lórí ilé náà di òní. Lẹ́yìn náà ló padà wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbẹ̀bí wa, tó fi lọ́kọ sí Ìsánlú-Ìsin. Ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ tí ọkọ ti bí ṣáájú ta ilé, màmá sì padà sí yàrá tí bàbá rẹ̀ fún un.

7. Lóṣù kẹjọ ni Jòhánù, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti dolóògbé, ti Èkó dé. Ó fẹ́ sọ yàrá náà di ṣọ́ọ̀bù. Ó tẹ ojú-ewé Ilé Aláró jáde láti orí ìkànnì tuntun yín, ó gbé e síwájú Baálé Bùkárì, olórí agbo ilé náà, ó ní kí wọ́n fi orúkọ Rúùtù han òun níbẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Baálé mọ màmá yìí bí ẹni mowó. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìyàwó Baálé bí gbogbo ọmọ wọn sí. Síbẹ̀ bàbá wojú ìwé, wọ́n wojú obìnrin, wọ́n ní ìwé tó ti Èkó wá, tó ní àmì ẹgbẹ́ lórí, àwọn kò lè bá a jiyàn. Bí wọ́n ṣe ti àgádágodo mọ́ yàrá nìyẹn. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, ó sì ń bí mi dòní, pé a ti wá gba ìwé gbọ́ ju ojú ara wa lọ. Màmá Rúùtù kò sunkún. Ó kàn bi mí bóyá èmi ni mo gbàgbé láti kọ orúkọ òun. Ìbéèrè yẹn ṣì ń gún mi lọ́kàn. Pálọ̀ mi ló ń sùn báyìí, lórí àga gígùn. Ọwọ́ rẹ̀ náà sì ni wọ́n bí Jòhánù sí.

8. Mo kọ̀wé sí Ọ̀gbẹ́ni Abdulrasaq. Ó ní ètò náà kò gba àlàfo méjì. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Òmù-Àrán, mo bá Ọlárónkẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. A gbé irú ètò kan náà sórí ẹ̀rọ rẹ̀. Kí ẹ̀wà tó gbé ka iná tó jinná, àlàfo kejì ti wà níbẹ̀: ilé bàbá, ilé ọkọ, àti àyè fún ìlú mìíràn. Nítorí náà, fọ́ọ̀mù kò lẹ́ṣẹ̀, kóòdù àfọwọ́kọ kò sì sọ mí di mímọ́. Ẹni tó to fọ́ọ̀mù ni kò béèrè bí a ṣe ń gbé nílùú wa.

9. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ̀wé sí Baálé Bùkárì lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ fọwọ́ sí i, pé ọmọ Ilé Aláró ni Rúùtù, kí wọ́n ṣí yàrá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Ọlárónkẹ́ fi àlàfo kejì sí ìkànnì tuntun, kí n jókòó tì í títí gbogbo mẹ́tàlélọ́gọ́jọ yóò fi wọlé. Lọ́jọ́ tí ẹni tó kẹ́yìn bá wọlé, èmi fúnra mi ni màá pa ti àtijọ́ rẹ́, n kò sì ní ráhùn. Ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ lè yọ mí nípò. Ẹ kò ní rí ọ̀rọ̀ ìwọlé tí a fi ń ṣí ìkànnì àtijọ́ gbà.

10. Ọ̀rọ̀ kan ló kù, tí n kì bá tí sọ bí kò bá ṣe pé ẹ halẹ̀ mọ́ mi. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá yín, kí Ọlọ́run forí jì wọ́n. Ipasẹ̀ màmá yín, Alhaja Fulera, ọmọ Ilé Aláró, ni ẹ fi jẹ́ ọmọ Òkè-Ìyeyè. Iwájú ilé kan náà ni òun àti Rúùtù ti ṣeré òṣùpá. Lọ́dún 2012 tí àwọn kan ní àlejò kò lè ṣe alága, ojú-ewé tí mo kọ fún màmá yín ni ẹ gbé síwájú ìpàdé, tí gbogbo wọn fi gbà pé ọmọ ìlú ni yín. Mo wá a lórí ìkànnì tuntun láàárọ̀ yìí. Màmá yín wà lára àwọn mẹ́tàlélọ́gọ́jọ. Inú àwọn ojú-ewé tí ẹ ní kí n pa rẹ́ nìkan ló kù tí orúkọ wọn wà. Ẹ fèsì sí mi kí oṣù tó parí: ṣé kí n pa á rẹ́?

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, ní orí àga mi títí dìgbà náà,

Jàrátù Ọlábọ̀dé (Ìyáàfin),
Olùtọ́jú Ìkànnì Òkè-Ìyeyè.