Aṣọ Iṣẹ́ Tí Mo Fi Ránṣẹ́ Sílé

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ kì í tilẹ̀kùn láì kọ́kọ́ wo ọ̀nà,

Òjò ń rọ̀ ní Thamesmead, ní London níbí, láti àárọ̀. Tẹ́lẹ̀, irú òjò báyìí, oorun ló máa ń gbé mi lọ. Lónìí mo jókòó sí kíṣìnì, fóònù wà níwájú mi, mò ń retí ohùn Bọ́sẹ̀, àbíkẹ́yìn yín. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Odò ti kún nílé. Èmi ni mo sì ní kó má kúrò ní abúlé. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi rojọ́ fún yín kí ẹlòmíràn tó rò ó, torí ẹ mọ̀ mí, n kì í fẹ́ kí wọ́n bá mi wí lójú èèyàn.

Ẹ rántí dísípẹ́nsárì yín? Yàrá kan àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní abúlé tó jẹ́ pé tí èèyàn bá kúrò ní Ìlọrin tó kọrí sí àríwá, ọ̀dà ojú títì ni yóò kọ́kọ́ tán, lẹ́yìn náà iná, lẹ́yìn náà ìjọba fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń se abẹ́rẹ́, ẹ̀yin lẹ ń gbálẹ̀, ẹ̀yin lẹ ń kọ orúkọ. Nírọ̀lẹ́, ẹ máa gun orí òkúta tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ máa wo ọ̀nà odò títí, bóyá ẹnì kan ṣì ń bọ̀. Tí ebi bá ń pa mí, inú máa ń bí mi sí òkúta yẹn. Nígbà tí ẹ jáde láyé, wọ́n ti ibẹ̀ pa, ewúrẹ́ gbà á.

Àwa ọmọ abúlé tó wà ní Woolwich kò pọ̀. Àwọn kan ń wa bọ́ọ̀sì, àwọn kan ń tọ́jú arúgbó bíi tèmi, Auntie kan ń ta aṣọ ọmọdé ní ọjà Beresford Square. Sátidé kan nínú oṣù là ń pàdé ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fi mí ṣe alága torí pé ọmọ yín ni mí, èmi náà sì fẹ́ràn ipò náà, n ò ní parọ́ fún yín. A tún dísípẹ́nsárì yín kọ́. A kùn ún, a fi sólà sí i, a gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé, a kọ orúkọ yín sára ògiri. Nọ́ọ̀sì nìkan ló kù, ìyẹn sì di ọwọ́ ìjọba. Wọ́n ṣèlérí. Àwa náà gbà á bí ẹni pé ìlérí lè fún èèyàn lábẹ́rẹ́.

Nígbà tí òjò ọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, a ní kí wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó dé. Obìnrin kan nínú yunifọ́ọ̀mù búlúù dúró lẹ́yìn tábìlì, ìbòmú bo ìdajì ojú rẹ̀, ó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá kan. Wọ́n gbé e sójú ògiri gbọ̀ngàn, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Daddy Àlàbí, tó dàgbà jù láàrin wa, sunkún. Èmi náà wò ó títí. Orúkọ yín tó wà lára ògiri ni mò ń wò. N ò wo obìnrin náà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Bọ́sẹ̀ ní òun fẹ́ lọ dúró sọ́dọ̀ Auntie wa ní Ìlọrin, kí òun bímọ níbẹ̀ kí odò tó kún. Mo kọ̀. Mo ní kí la fẹ́ wí tí àbúrò alága bá fi ilé ìwòsàn tí alága kọ́ sílẹ̀, tó gba orí odò kọjá lọ bímọ síbòmíràn? Ta ló máa wá gbà pé ibẹ̀ dáa? Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní òun ti gbọ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn, Bàbá, ṣé ó yẹ kí n ti gbọ́ nǹkan nínú rẹ̀? Ẹ̀yin lẹ sọ fún un láti kékeré pé kó máa pè mí ní Auntie, kó má bá mi jiyàn. Kò bá mi jiyàn rí láyé rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo wà lọ́dọ̀ ìyá òyìnbó tí mò ń tọ́jú ní North Woolwich, bíró dà sí àpò aṣọ iṣẹ́ mi. Mò ń bú bíró náà lọ́wọ́ nígbà tí mo rántí pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Aṣọ iṣẹ́ mi àtijọ́, búlúù bíi tòní, inki dà sí àpò òsì rẹ̀, kò lọ láé. Mo jù ú sínú báárẹ̀lì tí mo fi ránṣẹ́ sílé lọ́dún tó kọjá, mo ní kí Bọ́sẹ̀ máa fi lọ oko. Ni fọ́tò nọ́ọ̀sì yẹn bá sọ sí mi lọ́kàn, ọkàn mi kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Mo ṣí fọ́tò yẹn lórí fóònù, mo fà á tóbi. Inki wà lápò òsì. Ohun tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, òdì ni wọ́n we é mọ́ bàbá náà lápá. Àpá áyọ́ọ̀nù wà lẹ́yìn ọwọ́ obìnrin náà, àpá tí èmi fúnra mi ṣèèṣì dá sí Bọ́sẹ̀ lára nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje. Tábìlì ló bo ikùn rẹ̀.

Bàbá, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó wà nílé ìwòsàn wa ni ẹni tó fẹ́ bímọ síbẹ̀.

Mo pè é títí ó fi wọlé. Ó ti ń sunkún kí n tó sọ̀rọ̀ débì kan. Ọjọ́ méjì ni nọ́ọ̀sì tí ìjọba rán wá lò. Kò rí ilé gbé, fóònù kò sì lè ṣiṣẹ́ àfi kéèyàn gun òkè. Lọ́jọ́ kẹta ó ní òun ń lọ kó ẹrù òun, kò padà. Baálẹ̀ ló wá bẹ Bọ́sẹ̀ pé kó wọ aṣọ fún wọn. Wọ́n ń bẹ̀rù pé tí àwa ará London bá rí àga òfìfo, a máa rò pé wọn ò moore. Nígbà tí mo wá ní kí Bọ́sẹ̀ bímọ síbẹ̀, kò mọ bí òun ṣe fẹ́ la ẹnu sọ fún mi pé òun lòun wà nínú fọ́tò. Mo ní kó dìde nísinsìnyí kó máa lọ sí Ìlọrin. Ó ní afárá igi ti bá odò lọ láti ọjọ́ Ajé.

Inú kò bí mi sí i. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀.

Lánàá, nígbà tí mò ń lọ síbi iṣẹ́, kùrukùru bo odò Thames, ọkọ̀ fẹ́rì tó máa ń gbé wa sọdá kò lè kọjá. Àwọn èèyàn pòṣé, lẹ́yìn náà gbogbo wa gba ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ odò, a fẹsẹ̀ rìn kọjá. Kò gbà wá ní nǹkan kan. Omi wà lórí mi, mò ń rìn lọ lábẹ́ rẹ̀, mo sì ń sunkún láàrin àwọn èèyàn tí kò mọ̀ mí. Kò tíì sẹ́ni tó bú mi tó bí mo ṣe bú ara mi níbẹ̀.

Nípàdé òní, mo dìde, mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Kò sẹ́ni tó pariwo. Daddy Àlàbí kàn béèrè bóyá ẹnì kankan nínú wa béèrè orúkọ nọ́ọ̀sì náà rí. Kò sí. A pàtẹ́wọ́ fún un, a gbàdúrà fún un, a ò béèrè orúkọ rẹ̀. Auntie aláṣọ ọmọdé mọ agbẹ̀bí kan ní ìlú tó wà lódìkejì odò abúlé wa, a pè é. Ó gbà láti wá sétí odò. Ó ní òun ò ní wọ irú omi yẹn láìsí ọkọ̀, n ò sì lè bá a wí. Wọ́n ṣì ń wá ọlọ́kọ̀.

Kí n tó délé ni ohùn tí Bọ́sẹ̀ gbà sílẹ̀ wọlé sórí fóònù mi. Ọkọ rẹ̀ ló gbé fóònù gun òkè kí ohùn náà tó lè jáde. Ó ní ìrọbí ti mú òun láti àfẹ̀mọ́júmọ́, òun sì ti wà ní dísípẹ́nsárì bí mo ṣe ní kí òun ṣe. Ó ní òun wọ aṣọ iṣẹ́ mi, torí aṣọ náà nìkan ló gba ikùn òun. Ó ní kí n má bínú. Láti ìgbà yẹn mo ti ń pè. Kò wọlé.

Ó ti di àsìkò tí ẹ máa ń tilẹ̀kùn, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tì í. Ẹ gun orí òkúta yín, kí ẹ bá mi wo ọ̀nà odò. Tí ẹ bá rí obìnrin kan tó gbé báàgì, tó ń sáré bọ̀, ẹ bá mi ṣí ọ̀nà fún un. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹni tó wọ aṣọ búlúù lẹ rí, tí inki wà lápò òsì rẹ̀, tó kọrí sọ́dọ̀ yín, ẹ má gbà á wọlé. Ẹ ní kó padà. Ẹ ní èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Kò ní bá mi jiyàn.

Èmi àkọ́bí yín tó fẹ́ràn yín, tí fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.