Sálámọ̀ Mẹ́ta Lẹ́nu Ọ̀nà: Ìgbésí Ayé Alhaja Hùmúàní Àṣàkẹ́ Abdulmateen (1958–2024)

Ọmọ oníkéwú ni Alhaja Hùmúàní Àṣàkẹ́. Ọdún 1958 ni a bí wọn sí àárín ìlú Ìlọrin, fún Alfa Salahudeen tó ń kọ́ ọmọdé ní kéwú, àti Ìyá Talatu tó ń ta aṣọ ní Ọjà Tuntun. Láti kékeré ni ara wọn kì í ti í gba ìjókòó. Kí ìyá wọn tó tú ẹrù tán, Àṣàkẹ́ ti rìn dé ìpẹ̀kun ọjà.

Wọ́n ka Kùránì parí, wọ́n sì ka ìwé mẹ́fà. Lọ́dún 1978, wọ́n fẹ́ Alfa Abdulmateen, télọ̀, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Lọ́dún 1989, ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan gbà wọ́n láti máa polówó ọjà láti ojúlé dé ojúlé. Iṣẹ́ bá ẹsẹ̀ mu! Àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò lè wọ ilé eléhàá, àmọ́ Ìyá Àṣàkẹ́ á wọlé, wọ́n á po ọṣẹ sómi, wọ́n á fọ ìborùn onílé kí wọ́n tó dá owó lé ọjà. Wọn kì í jókòó. Wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Ọ̀gá wọn ní kí wọ́n máa kan ilẹ̀kùn títí onílé yóò fi ṣí i. Ìyá kọ̀. Bí bàbá wọn ti kọ́ wọn ni wọ́n ń ṣe: sálámọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta, bí onílé kò bá dáhùn, kí àlejò máa lọ.

Lọ́dún 1996, ní Òkè-Oyì, wọ́n ṣe sálámọ̀ mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà Lami, oníbàárà wọn. Kò sẹ́ni tó fọhùn, wọ́n sì yí padà. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n gbọ́ pé Lami wà nínú ilé, àìsàn ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀, ó sì dá nìkan kú. Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n wọra. Láti ìgbà náà, ọkàn wọn kì í balẹ̀ bí ilẹ̀kùn bá dákẹ́. Sálámọ̀ mẹ́ta kò yí padà, àmọ́ kí wọ́n tó lọ, wọ́n á kọ́kọ́ yà sílé kejì: “Ẹ jọ̀ọ́, ará ibí yìí ń kọ́? Ṣé àlàáfíà ni?” Àwọn kan ń pè wọ́n ní ọlọ́ṣẹ olófòófó. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọn ò sì ní kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi gbọ́ èsì.

Nígbà tí ọkọ wọn kú lọ́dún 2015, Habeebah, àkọ́bí wọn, gba ilé fún wọn ní àdúgbò Fate ní Ìlọrin, nítòsí tirẹ̀, kí wọ́n lè sinmi. Ìsinmi kẹ̀! Kí oṣù tó parí, wọ́n ti mọ gbogbo ojúlé àdúgbò.

“Màámi, ẹ jókòó ná.”

“Ṣé ẹsẹ̀ rẹ ni mo fi ń rìn ni?”

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Kejìlá ọdún 2024, Habeebah ṣe sálámọ̀ mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà Ìyá. Kò sí èsì. Ó rò pé wọ́n ti jáde bí ìṣe wọn, ó sì yí padà, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó yà sọ́dọ̀ Olúwatóyìn, aládùúgbò wọn: “Màámi ń kọ́? Ṣé àlàáfíà ni?” Olúwatóyìn ní òun ò tíì rí wọn. Àwọn méjèèjì jọ já ilẹ̀kùn wọlé. Ìyá wà nílẹ̀, èémí ṣì ń lọ. Habeebah gbé orí wọn lé itan, ó ń ka kálímọ̀, ẹ̀rí ìgbàgbọ́, sí wọn létí, wọ́n sì ń mi ètè tẹ̀ lé e títí ètè fi dákẹ́. Ìyá kò dá nìkan kú.

Habeebah, Shehu àti Ummu-Kulthum ló gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti àwọn onílé tí a kò lè kà tán.

Àṣàkẹ́ ọmọ oníkéwú, ẹ jókòó wàyí. Ẹ ti ṣe sálámọ̀. Kí Ọba tó ni Àlùjánńà dá yín lóhùn, kó sì ṣí ilẹ̀kùn. Àmín.