Ìgbésí Ayé Doyle Pruett, Olórin Arúfin ti Sorrel Creek

Ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1936 ni a bí bàbá wa, Doyle Wendell Pruett, ní Sorrel Creek, ìpínlẹ̀ Texas, sínú ìdílé Elbert Pruett, àgbẹ̀ olówùú, àti Idella, tí ó ń tẹ dùùrù ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ìdílé Pruett kì í ṣe olówó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè kọ́ wọn ní agídí.

Bàbá wa lọ sílé ìwé títí di ọdún 1951, nígbà tí àwọn àti olùkọ́ jọ fẹnu kò pé ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ ní kànga epo rọ̀bì, wọ́n sì ń kọrin kọ́ńtìrì ní gbọ̀ngàn ijó. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí màmá wa, Verna Kubicek, tí wọ́n gbé níyàwó ní 1959. Alvin, àbúrò màmá wa, bá ìgbéyàwó náà wá pẹ̀lú gìtá onírin rẹ̀, kò sì padà sílé mọ́.

Ní 1968, ilé iṣẹ́ àwo orin kan ní Nashville gba bàbá wa. Àwọn olórin ilé iṣẹ́ náà ló lu gbogbo ohun èlò nínú àwo méjì àkọ́kọ́, wọ́n sì da fayolíìnì lé e lórí bí ẹni da ṣúgà sọ́bẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bàbá wa, Alvin, Dub àti Cleto, tí ń bá wọn jìyà lójú ọ̀nà, jókòó síta nínú ọkọ̀. Ní 1973, bàbá wa ní àwọn kò ní la ẹnu mọ́ àfi bí ẹgbẹ́ àwọn bá wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Crane, ọ̀gá tó ń darí orin, gbà kí wọ́n dán orin ẹyọ kan wò.

Ó ní, “Doyle, onígìtá onírin yìí máa ń pẹ́ kó tó wọlé.”

Bàbá wa ní, “Ó máa ń pẹ́ dé ibi gbogbo. A kàn máa ń dúró dè é ni.”

Crane ní kí wọ́n yàn: Alvin tàbí àdéhùn. Bàbá wa wo dígí, wọ́n tún fìlà ṣe, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn wọn jáde.

Ọdún méjì ni màmá wa fi ń se oúnjẹ nílé ìwé kí a tó jẹun. Ní 1975, bàbá wa àti ẹgbẹ́ wọn gba orin sílẹ̀ nínú abà ọkà kan nílé. Àwo náà tà ju méjì ìṣáájú lọ. Ìwé ìròyìn pè wọ́n ní arúfin, nítorí wọ́n kọ òfin àwọn ọ̀gá Nashville.

A kò ní purọ́ níwájú pósí: bàbá wa fẹ́ràn orúkọ yẹn jù. Wọ́n ra aṣọ dúdú, wọ́n dá irùngbọ̀n sí, wọ́n sì sọ fún akọ̀ròyìn pé àwọn ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́jọ. Alẹ́ kan péré ni wọ́n sùn níbẹ̀, ní 1957, nítorí màlúù wọn tó já wọ títì. Ìyá wọn ka ìwé ìròyìn náà, ó sì bi wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ìjọ pé, “Doyle, ṣé ẹ̀wọ̀n tí mo gbé ẹyin díndín wá bá ọ ni?”

Ní 1988, bàbá wa ṣe ìrìbọmi lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn tí pásítọ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bọ́ fìlà. Ọdọọdún ni wọ́n ń kọrin lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn panápaná ìlú. Nígbà tí ọwọ́ Alvin bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọn kò gba ẹlòmíràn sípò rẹ̀.

Bàbá wa papòdà ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá, 2021. Wọ́n fi ìyàwó, ọmọ mẹ́ta, Darla, Royce àti Nelda, àti ọmọ-ọmọ méje sílẹ̀. Wọ́n ti pàṣẹ pé kí a ka ẹgbẹ́ wọn mọ́ ẹbí nínú ìwé yìí. Pásítọ̀ ní, yàtọ̀ sí Alvin, wọn kì í ṣe ìbátan. Màmá wa dáhùn pé, “Èmi ni mo fẹ́ ẹ, Pásítọ̀, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ló bá a gbé. Ẹ kọ wọ́n síbẹ̀.”

Nítorí náà: Alvin Kubicek, Dub Farris àti Cleto Ybarra.

Ẹ sùn re o, Bàbá. Níbi tí ẹ dé yìí, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí de àwọn ènìyàn yín.