Ẹrù Yín Ló Kù Nínú Dísíìkì Àtijọ́

                                        Ilé Kẹtàlá, Òpópó Ilé-Ìwé,
                                        Ìwárò, Ọ̀kà-Àkókó,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Karùn-ún, Ọdún 2025.

Yẹ̀kínì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Lọ́kọ́jà? Ṣé ooru ibẹ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀, àbí odò méjèèjì kàn ń wò yín níran? Iṣẹ́ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ nígbà tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù ńkọ́? Àwa náà wà lálàáfíà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ lórí òkè wa. Rẹ̀mílẹ́kún ìyàwó mi ti gbin àgbàdo yí ilé ká débi pé n kò rí ibi sá aṣọ sí mọ́. Ó ní kí n kí ọ.

Dísíìkì kékeré tí o fi rán awakọ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ, Àlàájà Limota, ti dé ọwọ́ wa, ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Ǹ bá parí lẹ́tà yìí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù kan kù nílẹ̀ tí kò lè wọ inú rẹ̀. Ìwọ àti Àsàmáù ìyàwó rẹ lẹ ni ẹrù ọ̀hún, ibi tó sì wà báyìí kò ní pẹ́ bà jẹ́. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

O mọ kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù Àlàájà ní Ìkàrẹ́, èyí tí wọ́n fi ń tẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Akùngbá. Bí wọ́n bá tàn án láàárọ̀, wọ́n lè lọ ra àkàrà, kí wọ́n jẹ ẹ́ tán, kí wọ́n fọwọ́, kí Windows tó ṣí. Láti oṣù tó kọjá, dísíìkì inú rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ró kọ́, kọ́, kọ́, bí àlejò tó ń kan ilẹ̀kùn. Awwal, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ní dísíìkì náà ti ń kú lọ, pé kí a tètè kó Windows àti gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè ọ́, tí o sì fi SSD, dísíìkì kékeré yẹn, ránṣẹ́. O ṣeun. Àmọ́, ọ̀rẹ́ mi, àyè inú èyí tí o rà kò tó ìdajì ti àtijọ́. Ó dà bí kí ènìyàn máa kó láti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ sí yàrá kan àti pálọ̀.

Èmi tí mo ti ka bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni mo gba iṣẹ́ náà. Mo ní kí a kọ́kọ́ pa àwọn fáìlì àtijọ́ rẹ́ kí ẹrù lè dín. Àlàájà wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n ta mọ́ṣáláṣí.

"Ọlálérè, àmánà ni. Ẹni tó fi nǹkan sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi kò ní kí n dà á nù."

"Àlàájà, àwọn tó ni ín ti gbàgbé."

"Àwọn ló gbàgbé. Èmi ni wọ́n máa bi léèrè níjọ́ kan, kì í ṣe ìwọ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jókòó ti fóònù, tí wọ́n ń pe onífáìlì kọ̀ọ̀kan pé kó wá kó ẹrù rẹ̀. Matthew, ọ̀gá akọrin kan ní Àfìn, gun ọ̀kadà wá pẹ̀lú fíláṣì, ó kó orin ìkórè rẹ̀ lọ, ó sì fi iṣu dúpẹ́. Ashraf ní tirẹ̀ fi iṣẹ́ ìwádìí kan ṣoṣo sílẹ̀ lóríṣiríṣi: ọ̀kan ń jẹ́ Ìkẹyìn, òmíràn ń jẹ́ Ìkẹyìn Pátápátá, òmíràn ń jẹ́ Ìkẹyìn Tí Ọ̀gá Fọwọ́ Sí. Nígbà tó ní kí a má pa ìkankan rẹ́, Àlàájà kígbe sínú fóònù: "Ashraf, o ti gboyè, o ti gbéyàwó, o ti bímọ! Ìkẹyìn wo lo tún ń dúró dè?" Ẹ̀rín ló fi yọ̀ǹda.

Ìgbà tí gbogbo wọn kó tiwọn tán, fódà kan ló kù, òun nìkan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún SSD náà: fídíò yìgì yín. O rántí pé kámẹ́rà méjì ni oníkámẹ́rà yẹn gbé wá, tí kò sì pa ìkankan títí àwọn àlejò fi lọ. Ó kó gbogbo rẹ̀ fún Àlàájà láìgé, kí ẹ lè wá yan èyí tó wù yín. Ẹ kò wá. Mo wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ewúrẹ́ kan ló ń jẹ òdòdó tí wọ́n fi ṣe ìjókòó yín lọ́ṣọ̀ọ́, ohùn Àsàmáù sì ń bọ̀ láti ẹ̀yìn: "Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́, àlejò ni òun náà." Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ. Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ irú rẹ̀.

Mo gbìyànjú láti kó o sí dísíìkì mìíràn. Kò lọ jìnnà tó fi dúró, tí kíkan ilẹ̀kùn yẹn tún bẹ̀rẹ̀. Mo pa kọ̀ǹpútà náà kíá. Awwal ní ibi tí dísíìkì náà ti ń kú gan-an ni fídíò yín wà.

Àlàájà ní àmánà ẹni méjì ni, ẹnu méjì ló sì gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè ọ́, o ní ohun tí Àsàmáù bá fẹ́ ni kí a ṣe. Ni mo bá lọ sí Ìkun, sí ilé bàbá rẹ̀, níbi tó wà láti èṣí tí ẹ ti jà. Ó ń yí kòkó tó sá sóòrùn. Mo rò ó fún un. Kò dá ọwọ́ dúró.

"Bọ̀dá Ọlálérè, ọ̀rẹ́ yín ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Bó ṣe ń ṣe nìyẹn kí n tó kó jáde. Lórí gbogbo nǹkan, á ní, 'Ohun tó bá wù ẹ́.' Ẹ bá mi sọ fún un: n kò ní fẹnu èmi nìkan pa á rẹ́, n kò sì ní fẹnu èmi nìkan pa á mọ́. Kó wá, ká jọ wò ó."

Mo ti ń lọ nígbà tó bi mí bóyá ewúrẹ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀. N kò tíì dárúkọ ewúrẹ́ kankan fún un.

Ni mo bá fi tiyín sílẹ̀, mo kó ìyókù. Pẹ̀lẹ́-pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn: mo yọ fódà yín kúrò nínú ohun tí a ó kó, mo ṣe àdàkọ Windows àti ìyókù sínú SSD, mo sì fi í rọ́pò dísíìkì àtijọ́. Àlàájà tàn án, wọ́n gbéra láti lọ ra àkàrà. Wọn kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó fi ṣí. Wọ́n yíjú padà, wọ́n ní ṣé kò sí nǹkan tí ẹ̀rọ náà gbàgbé.

Dísíìkì àtijọ́ wà lórí wọ́dúróòbù wọn, wọ́n fi gèlè wé e. Awwal ní ó lè ṣí lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò ní búra fún ẹ̀ẹ̀kejì. Mo ti ra dísíìkì ńlá kan sílẹ̀, bí ẹ bá jọ ní kí a pa á mọ́. A kò ní fi iná sí i títí ìwọ yóò fi dé. Wọ́n ní ẹni tí à ń gbé ìyàwó bọ̀ wá bá kì í garùn. Èyí tó ti padà sílé bàbá rẹ̀ ńkọ́? Gbé ọrùn rẹ nílẹ̀, Yẹ̀kínì. Gba Kàbbà wá kí Iléyá tó dé, má fi fóònù rán ara rẹ.

Bá mi kí Hafeez àbúrò rẹ. Àlàájà ń kí ọ, Awwal náà ń kí ọ. Àsàmáù kò ní kí n kí ọ. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ nìkan ló bi mí.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Ọlálérè.