Ohun tí Ìyá Dára Ń Kọ́ Lẹ́yìn Ilé

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹwàá 2025
Ìyàwó mi ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sọ fún mi. Mo ti oko dé, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó tí a sá: "Bring, brought. Buy, bought. Catch, caught." Bó ṣe rí mi báyìí, ó dá orin ìjọ sílẹ̀. Obìnrin ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta! Kí ló fẹ́ fi ṣe?

Ọjọ́ Ẹtì, 10
Blessing ni olùkọ́ — agùnbánirọ̀ tó gba yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ wa, tí kò gbọ́ Yorùbá. Ọmọ Ìjọba ni mo ń pè é. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti forí korí. Ìyá Dára ní ẹ̀wà ni àwọn ń ṣà. Ẹ̀wà wo? N kò rí ẹyọ kan.

Àìkú, 12
Mo túmọ̀ ìwàásù Wòlíì sí Gẹ̀ẹ́sì fún Ọmọ Ìjọba àtàwọn àlejò, bí mo ṣe ń ṣe láti ìgbà tí a ṣì ń pọn Dára. Mo ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ — Ìyá Dára wo Ọmọ Ìjọba, Ọmọ Ìjọba wò ó padà. Ó yé mi. Ipò mi ni Ìyá Dára fẹ́ gbà. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ajé, 13
Mo jẹ iyán rẹ̀. N kò bá a sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 16
Mo ká Alàgbà Akínkúnmi, tó ń pín iṣẹ́ ìjọ, mọ́ ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn àdúrà. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ yọ mí, kí wọ́n wí i lójú mi. Ó họ orí. Ó ní, "Ẹ lọ bi ìyàwó yín." Ṣé ẹ rí nǹkan!

Àbámẹ́ta, 18
Mo bi í. Mo pariwo. Òun kò pariwo.

Ó ní, "Bàbá Dára, àwọn ọ̀dọ́ ń fi Gẹ̀ẹ́sì yín rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́. Wọ́n ti ní kí Alàgbà gbé iṣẹ́ ìtumọ̀ fún Ayọ̀túndé tó ń tẹ dùùrù. Èmi ni mo kúnlẹ̀ pé kí wọ́n ní sùúrù di ìkórè ìjọ."

Ó ní òun mọ̀ pé n kò ní gba ẹ̀kọ́ lẹ́nu ọmọ kékeré. Ìdí nìyẹn tí òun fi lọ kọ́ ọ, kí òun lè kọ́ mi. Mo ní irọ́ ni. Mo ní, "Catch, catched, kí ló burú níbẹ̀?"

"Kò sí catched, Bàbá Dára. Caught ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo jáde.

Àìkú, 19
Pétérù àti ẹja ni Wòlíì fi ṣe ìwàásù. Mo gbójú sókè wo àwọn ọ̀dọ́ — n kò wò wọ́n rí, Wòlíì ni mo máa ń wò. N kò tíì la ẹnu, wọ́n ti fọwọ́ bo tiwọn.

Ojú tì mí. Ìyá Dára nìkan ni kò fọwọ́ bo ẹnu. Ètè rẹ̀ ń mì. Ibi tí mo bá ti ṣiyè méjì, mo wò ó, ohun tí ètè rẹ̀ bá sọ ni mo sọ. Nígbà tó yá, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lẹ́nu, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí a délé. Mo wá ní iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, mo dìde. Ó gbé ọbẹ̀ kúrò, ó gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ síbẹ̀, ó ní, "Ẹ jókòó."

Mo jókòó.