Àwo Aríyọ̀

Enugu Road,
Sabon Gari, Kano.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, 1983.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kano níbí. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ṣé ara Bàbá le? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò le.

Ní alaalẹ́, bí gbogbo ilé bá ti jẹun tán, Màmá Susanna, onílé wa, a ha ìsàlẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀ sínú àwo tánganran kan tó ti gé létí. Àlùbọ́sà pọ̀ ní Kano débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ata lọ nínú ọbẹ̀ wọn. Wọn a da ìrẹsì sí i, wọn a fi ìka tọ́ ọ wò bóyá ó gbóná, kí wọ́n tó pe Aríyọ̀, ajá wọn. Aríyọ̀ a lá àwo náà títí yóò fi sún un kan ògiri. Lẹ́yìn náà, yóò wá gbé orí lé ẹsẹ̀ mi.

Ìyá mi, òun nìkan ni mo ń bá sọ̀rọ̀ dáadáa níbí. Àwọn ọmọ ilé gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Hausa ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ní kíláàsì, n kì í lanu.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí i pé èrìgì Aríyọ̀ funfun bí ẹfun, ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ́n bíi sóbò. Màmá gbé e lé itan bí ọmọ tí gìrì mú, wọ́n gún àlùbọ́sà, wọ́n fún omi rẹ̀ sí i lẹ́nu. "Gbé e mì, ọmọ mi." George, ayálégbé kan, rẹ́rìn-ín: "Màmá, ṣé ẹ ò ní gbé e lọ gba àdúrà báyìí?" Wọ́n ní, "Bí wòlíì bá gbà, lónìí ni!"

Nígbà tí kò lè dìde mọ́, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kan ní Airport Road. Ó bi mí ní ohun tó ń jẹ, mo sọ fún un. Ó mirí. "Àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ìbáà ṣe tútù, ìbáà ṣe sísè." Bí mo ṣe ń gbé e bọ̀, France Road ló kú sí mọ́ mi lọ́wọ́.

Màmá sunkún títí. "Ohun tí mo fi wo àwọn ọmọ mi náà ni mo fi wò ó." Báwo ni èmi àlejò yóò ṣe sọ fún wọn pé ọbẹ̀ àti oògùn ọwọ́ wọn ló pa á?

Ṣùgbọ́n Aríyọ̀ fi ọmọ kan sílẹ̀, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Màmá ti ní inú àwo ìyá rẹ̀ ni àwọn yóò ti máa bọ́ ọ.

Olúwa yóò dá yín sí fún mi. Ẹ óò jẹ èrè ọmọ.

Èmi ni ọmọ yín tó wà lọ́nà jíjìn,
Olúfúnlọ́lá.

Àfikún: Mo ń gbọ́ tí Màmá ń fọ àwo náà lẹ́yìn fèrèsé mi. Lọ́la, kí wọ́n tó bu ọbẹ̀ sí i, n óò wọ ilé ìdáná lọ, n óò kúnlẹ̀, n óò sì sọ ohun tí dókítà sọ fún wọn. Bí ohùn mi bá kọ̀ tí kò jáde, n óò di àwo náà mú, n kò ní fi sílẹ̀.